Bí a ṣe ń pààrọ̀ tírótù ọkọ̀ láì ná owó gọbọi

Tírótù ni ẹnu ọ̀nà tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ tírótù tí àwọn èèyàn ń gbé padà fún ẹni tó tà á fún wọn ní Ladipo, l'Ékòó, tàbí ní Araromi ní Gate, n'Íbàdàn, kò ní àrùn kankan. Wọ́n dè é tán, ọkọ̀ ń revù fúnra rẹ̀ tàbí ó ń kú nínú gò-sìlóò, ni wọ́n bá parí ẹjọ́ sí pé "China ni." China lè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọn ò ṣe parí ló ń dà wọ́n láàmú. Camry 2007 sí 2009 oní-2.4, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ló kún títì. Corolla tó ń lo tírótù oníná kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé kébù ló so pẹ́dà yín mọ́ tírótù, bíi ti Camry Orobo àtijọ́, ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ kò kàn yín.

Ṣé tírótù ló bàjẹ́?

Ẹ má fi ojú lásán ra pátì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bọ ọkọ̀. Kóòdù àṣìṣe P2111 ń sọ pé ewé irin pẹlẹbẹ inú tírótù há ní ṣíṣí, P2112 ní ó há ní pípa. P2135 ní sensọ̀ méjì tó ń wo ewé náà kò fẹnu kò, ó sì lè jẹ́ wáyà ló fà á, nítorí náà ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó dá tírótù lẹ́bi. Bó bá jẹ́ P2138 lẹ rí, sensọ̀ pẹ́dà ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ bá. Ẹ wo fíúùsì tí wọ́n kọ ETCS sí náà. Mo ti rí ẹni tó ra tírótù tuntun nítorí fíúùsì tó jó.

Bí kò bá sí kóòdù, tó kàn jẹ́ pé sílóò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà) ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kílínà tírótù, oògùn ìfọ̀ inú agolo, àti aṣọ tó rọ̀ ti tó. Kì í ṣe pẹtiróòlù, kì í sì í ṣe sáńpépà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha inú tírótù, ẹ má kà síwájú, ẹ lọ máa kó owó jọ.

Rírà á

Èmi kì í ra Belgium, àlòkù tó ti òkè òkun wá, fún tírótù. Mo lè ra ilẹ̀kùn Belgium, mo lè ra gíláàsì, àní mo lè ra gíábọ́ọ̀sì bí mo bá mọ ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré àti gíà oníke tó wà nínú tírótù ti rin ìrìn tí ẹnikẹ́ni ò bá wa kà. Tuntun olówó pọ́ọ́kú inú páálí sàn lójú mi, bó bá ti kọjá àyẹ̀wò orí káńtà.

Ẹ tú ti àtijọ́ dání lọ, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níhà gbogbo. Nọ́ńbà tírótù Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22030. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọkọ̀ tó ni ín. Ẹ ka pín inú sọ́kẹ́ẹ̀tì: mẹ́fà ni. Ẹ gbé méjèèjì ko ara wọn lójú, kí ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, kí ẹnu wọn sì fẹ̀ bákan náà. Ẹ fi ìka tẹ ewé irin náà jẹ́jẹ́, kó wọlé láìhá, kó sì fúnra rẹ̀ padà. Kò ní pa dé pátápátá, àlàfo tín-ín-rín máa kù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ọkọ̀ lè máa wọ́ lọ sílé bí iná rẹ̀ bá já lọ́nà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, "Ọ̀gá mi, bí kò bá wọ̀, ṣé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀?" Ohun tó máa dáhùn ni pé kí ọ́ìlì má kàn án lára, kí ẹ má sì gé wáyà. Ó jàre.

Títú ti àtijọ́

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, torí omi rédíétọ̀ ń gba ara tírótù yìí kọjá. Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ tú họ́ọ̀sì ńlá tó ti inú ilé fíítà wá, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá kan họ́ọ̀sì omi kéékèèké méjèèjì. Kò sídìí tí ẹ ó fi da omi rédíétọ̀ nù. Ẹ wá bóòtù àtijọ́ méjì tó ṣe rẹ́gí sí ẹnu họ́ọ̀sì, bí ẹ bá ti fa ọ̀kan yọ, ẹ fi bóòtù dí i kíá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 ló ń tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí tírótù bá kúrò, ẹ fi aṣọ tó tóbi dí ihò tó ṣí sílẹ̀. Tísù kọ́ o, ẹ́ńjìnnì lè fà á mu.

Dídè é

Ẹ nu ojú ibi tó máa jókòó, kí ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà tuntun sínú ojú ọ̀nà rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa fi kun gbogbo nǹkan kò ní iṣẹ́ níbí rárá. Ẹ fi ọwọ́ lásán mú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé ná, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fún wọn le ní ìdojúkọra, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ráṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú. Agbára ọrùn ọwọ́ ti tó. Ẹni tó bá ki páìpù bọ ìdí sípánà máa já bóòtù sínú.

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé, pátì yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ yín. Rewáyà, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀, máa sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n gé e, màá so ó." Ẹ má gbà fún un. Lára wáyà mẹ́fà yìí ni àwọn tó ń ru iye iná kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kà wà. Bí ẹ bá so méjì lódì, ọkọ̀ lè má gbọ́ ẹsẹ̀ yín mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti mọ tírótù àtijọ́ lára. Bí ìdọ̀tí ṣe ń dí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí ewé irin náà sí i, kí sílóò má baà wálẹ̀. Ẹ wá gbé èyí tó mọ́ tónítóní síbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ṣí i tó bó ṣe ń ṣí èyí tó dọ̀tí. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, revù á lọ sókè. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní China.

Ẹ jẹ́ kó gbàgbé. Ìṣẹ́jú kan tí nẹ́gétíìfù bá fi wà ní títú ti tó, ṣùgbọ́n èmi kì í dá a padà títí màá fi fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́ tán, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dá a padà, ẹ pa AC, iná àti rédíò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì. Ẹsẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ kan pẹ́dà. Ọmọ iṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ ti ìka bọ ẹnu tírótù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON. Mọ́tò yẹn kò mọ ìka yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́, ewé irin á pa dé lé e lórí.

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ wá sítáàtì, láìtẹ pẹ́dà. Revù lè kọ́kọ́ ga tàbí kó máa gbọ̀n. Ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni mẹkáníìkì máa ń na ọwọ́ sí pẹ́dà, vúùm, vúùm, láti "là á lójú." Ẹ sọ fún un pé kó lọ jẹun. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ooru dé àyè rẹ̀, kí fáànù rédíétọ̀ tàn kó sì kú. Lẹ́yìn náà, ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó tún fara balẹ̀. Ẹ tẹ bíréékì, ẹ fi sí D, ẹ jẹ́ kó mọ ìyẹn náà. Sílóò Camry yìí máa wá jókòó sí nǹkan bí ìyípo 650 sí 700 ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ní skánà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dà, ohun tí ẹ máa rí níbi ipò tírótù wà láàárín 10 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má bẹ̀rù pé kì í ṣe òdo.

Bí revù kò bá wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ìdè kékeré tó wà lára tírótù, èyí tí wọ́n ti ṣètò láti ilé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jò ni. Ẹ wọ́n omi ìwọ̀nba sí etí gásíkẹ́ẹ̀tì, kó má dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ ti rí i.

Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ ṣí orí rédíétọ̀. Omi máa ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bọ́ sínú họ́ọ̀sì kéékèèké wọ̀nyẹn ti jáde. Ẹ bu kúláǹtì sí i kó dé ẹnu. Ẹ tọ́jú tírótù àtijọ́ àti páálí tuntun sínú búùtù títí ẹ ó fi rin ọ̀nà jíjìn kan, kí ẹ tó pe èyí tó ń ra irin.