Géèmù tó pòórá lórí store: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù

Ilé géèmù kékeré kan ni mo ní lágbègbè Òkè-Fìà níbí l'Òṣogbo, PS4 mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan, pẹ̀lú PS2 ògbólógbòó kan tí mi ò lè tà láé. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi, géèmù àtijọ́ kan tí wọ́n ń wá, wọn ò rí i rà mọ́ lórí store, ìyẹn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ títí ẹnu fi fẹ́ bó, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo wá Forza Horizon 4 títí, mi ò rí i. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ni?

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, má fi data ẹ ṣòfò. Géèmù mọ́tò ni, 2018 ló jáde, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ láti 15 December 2024. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, store gan-an ò ní ṣí dáadáa. Àmọ́ tí géèmù tó kù bá ń ṣí, tó jẹ́ èyí nìkan ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rà á ò sí, a jẹ́ pé wọn ò tà á mọ́ nìyẹn, Steam, store géèmù orí kọ̀ǹpútà, tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. PS ló lè tàn ẹ́ jẹ díẹ̀, torí púpọ̀ nínú wa ló ṣí àkáǹtì bíi pé Amẹ́ríkà tàbí London là ń gbé, géèmù sì lè wà ní ti ọ̀dọ̀ àwọn kan kó má sí lọ́dọ̀ àwọn míì. Bá mi wò ó lórí àkáǹtì ọ̀rẹ́ ẹ kan tí tiẹ̀ yàtọ̀ kó o tó gbà pé ó ti lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́? Ṣebí àwọn náà ló ṣe é?

Àwọn ló ṣe é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló jẹ́ tiwọn. Ṣó o mọ̀ tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà ládùúgbò, olóòkú ló ni ìrẹsì àti ẹran, àmọ́ kánópì, àga àti spíkà, ńṣe ló rẹ́ǹtì wọn. Tí àsìkò bá ti tó, ọmọ oníkánópì á gbé pickup dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í to àga lérí ara wọn, kódà kí màmá kan ṣì jókòó sórí ọ̀kan kó máa fa eegun. Bí géèmù ṣe rí gan-an nìyẹn. Mọ́tò tó ò ń wà nínú Forza, àwọn tó ń ṣe mọ́tò yẹn ló ni orúkọ àti ìrísí ẹ̀. Orin tó ń dún nínú rédíò, olórin ní tiẹ̀ níbẹ̀, company tó gbé e jáde náà ní tiẹ̀. Lísẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ni wọ́n fi ń lò ó, lísẹ́ńsì sì ní ọjọ́ tó máa kú.

Ti bọ́ọ̀lù tún wá burú. Konami tó ń ṣe géèmù PES bá Juventus ṣàdéhùn pé PES 2020 nìkan ló máa lo orúkọ wọn, ni FIFA 20 tí EA ṣe bá ń pe kíláàbù yẹn ní Piemonte Calcio, àwọn oníbàárà mi wá ń bi mí pé ṣé ayédèrú CD ni mo rà ni! Nígbà tí EA àti àjọ FIFA fúnra wọn tún pínyà, EA sọ tiẹ̀ di FC, bí FC 24 sì ṣe fẹ́ jáde ní September 2023, wọ́n kó àwọn FIFA àtijọ́ kúrò lórí store.

Mo ti ra tèmi tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Títà ni wọn ò tà á mọ́, ẹni tó ti rà á ṣì lè dà á sílẹ̀ padà. Àṣìṣe tí gbogbo yín ń ṣe ni pé ẹ lọ ń wá a nínú store, kò lè sí níbẹ̀, inú library, ibi tí géèmù tó o ti rà wà, lo máa lọ, tó ò bá sì rí i lórí Steam, wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú géèmù téèyàn fi pamọ́, bóyá ìwọ lo fi í pamọ́ nígbà kan.

Àmọ́ The Crew, géèmù mọ́tò míì, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn o. 2014 ló jáde, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà tó máa ń so mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ubisoft tó ni ín dá títà ẹ̀ dúró ní December 2023, wọ́n ní ọ̀rọ̀ server àti lísẹ́ńsì ni, nígbà tó di 31 March 2024 wọ́n pa server náà. Ẹni tó ní CD ẹ̀ lọ́wọ́ gan-an, ike lásán ló dì mú. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

GTA IV mi ṣì wà, àmọ́ orin inú rédíò ẹ̀ ti yí padà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. 2008 ló jáde, nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, lísẹ́ńsì ọ̀pọ̀ orin inú ẹ̀ parí, ni Rockstar tó ṣe é bá fi update yọ wọ́n ní April 2018. Vladivostok FM, ọ̀kan lára rédíò inú ẹ̀, ló fojú winá jù. Má wulẹ̀ pa á rẹ́ kó o tún un dà sílẹ̀, bákan náà ló máa rí. CD PS3 tí wọn ò tíì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rí ló ṣì ń kọ orin àtijọ́ yẹn.

Ṣé wọn ò lè san owó míì ni?

Wọ́n lè san án tí ọjà yẹn bá ṣì ń mówó wọlé. Lísẹ́ńsì orin géèmù Alan Wake parí lọ́dún 2017, wọ́n fi ẹ̀dínwó 90% ta á gbẹ̀yìn kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n tún lísẹ́ńsì ṣe, ó padà dé ní October 2018. Scott Pilgrim lọ ní 2014, ó di 2021 kó tó padà. Àmọ́ géèmù táwọn èèyàn bíi ogún ń rà lóṣù, ta ló máa gbé lọ́yà dìde torí ẹ̀? Video Game History Foundation ṣèwádìí lọ́dún 2023, nínú géèmù 100 tó jáde l'Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, bíi 87 ni ò sí lórí àtẹ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe lísẹ́ńsì nìkan ló fà á.

Ọmọ mi ní kí n fún òun lówó ra code géèmù tí wọn ò tà mọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣé kí n fún un? (ìyá tó ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ mi ló bi mí)

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Code irú géèmù bẹ́ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà téèyàn fi ń gba géèmù sórí àkáǹtì ẹ̀, máa ń wọ́n, torí kò sí òmíì, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀. Èmi gan-an ti fowó ránṣẹ́ rí, code tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ẹlòmíì ti lò ó tán, nọ́ńbà ẹni náà ò wọlé mọ́ títí dòní. Tó bá jẹ́ ti PS, CD tokunbọ̀ ló dáa jù, ẹ jẹ́ kó gbé e wá sọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó sanwó, màá yí i sábẹ́ iná wo bó bá ní ìlà, màá sì fi sínú ẹ̀rọ kó ṣí lójú yín.

Ẹ̀gbọ́n, Def Jam: Fight for NY ńkọ́, níbo la ti lè rí i rà lórí PS4?

Kò sí níbì kankan. 2004 nìyẹn jáde, ojú, orúkọ àti orin àwọn ráápà gidi ló kún inú ẹ̀, Snoop Dogg, Busta Rhymes, Method Man, ro iye èèyàn tí wọ́n máa tún lọ bá tọrọ àṣẹ. Tèmi wà nínú PS2 yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan CD ẹ̀ ti họ, mo ti fi ọṣẹ ìfọyín nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fi ṣeré níbí, àmọ́ mi ò ní yá ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé o, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀ mí.