Kọ́tà Jàpáànù: Ẹ Má Fi Owó Abẹ Ra Èèkù

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé èwo ló dára jù nínú OLFA, NT Cutter àti Tajima, àwọn ilé iṣẹ́ Jàpáànù tó ń ṣe kọ́tà, ìyẹn ọ̀bẹ tí abẹ rẹ̀ ṣeé ṣẹ́ bí ẹnu rẹ̀ bá kú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ irin ṣe, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹni tó fi owó gidi ra èèkù, tó wá kọ̀ láti ra abẹ. Iṣẹ́ ògiri àti sítíkà ni mò ń ṣe, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń ṣòfò lójú mi, ó sì tó gẹ́ẹ́. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti abẹ síta àti bí wọ́n ṣe ń fà á wọlé, nítorí náà mi ò ní padà sídìí ìyẹn.

1. Ríra kọ́tà láìtíì mọ ohun tí a fẹ́ gé.

Fífẹ̀ abẹ la kọ́kọ́ ń yàn, orúkọ ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Abẹ mìlímítà 9 kò nípọn ju nǹkan bíi 0.38 lọ, bébà, sítíkà àti bébà ara ògiri ni tirẹ̀. Mìlímítà 18, tó nípọn tó 0.5, ni ká gbé lọ sídìí páálí, awọ àti kápẹ́ẹ̀tì. Mìlímítà 25, tó nípọn tó 0.7, wà fún rọ́bà tó ki àti iṣẹ́ tó le. Ẹni tó bá fi 9 gé kápẹ́ẹ̀tì, abẹ á máa tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilà rẹ̀ ò sì ní tọ́. Ẹni tó bá fi 25 gé lẹ́tà sítíkà kéékèèké ò ní rí ibi tí ṣóńṣó abẹ ń lọ.

Abẹ 9 kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ dagun ní digíríì 30, èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 60. Kọ̀rọ̀ tóóró ni wọ́n ṣe ti 30 fún. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ á kán.

2. Sísọ èèkù tó ṣì dára nù torí pé abẹ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tán lọ́jà.

Abẹ 9 àti 18 ti OLFA ń wọ inú NT, ti NT náà ń wọ inú OLFA. Ẹ ra èyí tí ẹ bá rí.

3. Kíkọ̀ láti ṣẹ́ abẹ.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Lọ́dún 1956, ní ìlú Osaka, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yoshio Okada ń gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ṣàkíyèsí pé ṣóńṣó abẹ nìkan ló ń kúnu, síbẹ̀ odindi abẹ ni wọ́n ń jù nù. Ó ro ti àwọn oníbàtà tó ń fi àfọ́kù gíláàsì gé nǹkan: bí ẹnu rẹ̀ bá ti kú, wọ́n á tún un fọ́, ẹnu tuntun á yọ. Ó ro ti ṣokoléètì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó ní ilà lára, tí èèyàn ń gba ojú ilà ṣẹ́ jẹ. Ó pa méjèèjì pọ̀, ó fa ilà sára abẹ, kọ́tà tí gbogbo wa ń lò lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Ṣíṣẹ́ ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú irinṣẹ́ yìí. Ẹni tí kì í ṣẹ́ ẹ ti pa dà sídìí wàhálà tí Okada bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Abẹ 18 kan ní oríkèé 8 (oríkèé ni ègé tí à ń gba ojú ilà ṣẹ́), abẹ 9 kan ní 13. Bí ẹ bá ra abẹ 18 mẹ́wàá, ẹnu tuntun 80 lẹ rà yẹn. Kí la wá ń ṣún lò? Mo ti bá kọ́tà pàdé lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tí oríkèé àkọ́kọ́ ti dúdú, tó ti yípo bí èékánná àgbàlagbà, ti abẹ mẹ́rin tí ẹnì kankan ò tíì fọwọ́ kàn sì wà nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé iṣẹ́ wá bá mi nígbà kan, etí bébà ògiri rẹ̀ ya wúruwùru látòkè délẹ̀. Ó ní gọ́ọ̀mù ni kò dára. Ó ti ra gọ́ọ̀mù mìíràn, kò yí padà. Ó ní bóyá bébà náà ni, ó fẹ́ dá a padà fẹ́ni tó tà á. Mo gba kọ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣẹ́ oríkèé kan, mo dá a padà fún un. Ilà tó gé lẹ́yìn ìyẹn mọ́ gaara. Owó gọ́ọ̀mù ti lọ, bébà ti bàjẹ́, oníbàárà ti bínú, torí irin kékeré tí kò tó èékánná.

Bébà tó ti mu gọ́ọ̀mù ló ń pa abẹ jù. Èmi máa ń ṣẹ́ tèmi lẹ́yìn ilà kan tàbí méjì, tinútinú sì ni. Lórí páálí tàbí sítíkà, ẹ má ka iye ìgbà tí ẹ gé. Ọwọ́ ló ń sọ ọ́: bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ju bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, bí etí bébà bá ń yọ irun, bí sítíkà bá ń kó jọ níwájú abẹ, ẹ ṣẹ́ ẹ. Abẹ tó kúnu ló sì ń ya èèyàn, nítorí agbára la fi ń tì í, bó bá sì yọ̀, ara ló ń bá.

Bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ náà ń kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ẹ má fi ìka ṣẹ́ ẹ láé. Ẹ ti oríkèé kan ṣoṣo síta, kí ojú ilà kọjú sókè, kí ẹ fi púláyà tàbí ojú ihò tó wà nídìí ọ̀pọ̀ èèkù mú un, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ wọ awò ojú. Inú agolo olómorí ni kí àṣẹ́kù máa lọ, kì í ṣe inú àpò ìdọ̀tí tí ẹlòmíràn máa fọwọ́ gbé.

Abẹ dúdú ńkọ́? Wọ́n pọ́n ọn ní tínínrín ju abẹ funfun lọ, ó sì mú jù ú lọ. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ etí mímọ́ ni tirẹ̀. Ẹni tó gbé e lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó ní iyanrìn nídìí yóò pariwo pé abẹ náà ò dáa. Abẹ dára, ibi tó gbé e lọ ni kò dára.

Ti bí èèkù ṣe ń di abẹ mú kó má sún: èyí tó ń di í mú fúnra rẹ̀ yá fún iṣẹ́ ìgbà dé ìgbà, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí pa ló yẹ fún gígé tó gba agbára, torí abẹ ò ní sún sẹ́yìn bí ẹ bá yí i dáadáa.

Ẹ má yọ abẹ gùn ju oríkèé kan tàbí méjì lọ. Fóòmù nìkan ni mo gbà fún un, ìyẹn sì gba kí ẹ máa fà á jẹ́jẹ́.

Ẹ má gé ohun tó nípọn lẹ́ẹ̀kan. Ilà àkọ́kọ́ fúyẹ́, tó ń fi ọ̀nà hàn, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ẹ má lo rúlà oníke. Abẹ á gé rúlà náà mọ́ ọn.

Ẹ má fi ṣí agolo ọ̀dà.

Ẹ má sì gé nǹkan lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ilà kan péré, oríkèé náà ti lọ.

Àwọ̀ yẹ́lò kì í ṣe ẹ̀rí pé ojúlówó OLFA ni. Ayédèrú pọ̀, yẹ́lò ni wọ́n sì sábà máa ń kùn ún. Ẹ ti abẹ rẹ̀ síta kí ẹ fọwọ́ mú un: bó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú èèkù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Òróró díẹ̀ máa ń wà lára abẹ tuntun kó má bàa dípẹtà. Ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi gé páálí àlòkù kan, kí ẹ tó gbé e lé bébà funfun.