Bí mo ṣe gba àṣẹ kóòtù láti tọ́ àbúrò mi ní Kàbbà

Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ń gbé láti ìgbà tí àwọn òbí wa ti kú. Gbogbo ẹbí ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n báńkì àti ilé ìwé ń béèrè ìwé tó sọ pé èmi ni alágbàtọ́ rẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 tí ìpínlẹ̀ Kogí wa náà sì sọ di òfin tirẹ̀, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì fún Kóòtù Ìdílé láṣẹ láti yan alágbàtọ́.

Lọ́yà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a so ìwé ẹ̀rí ikú àwọn òbí wa àti ìwé ọjọ́ ìbí àwa méjèèjì mọ́ ọn. Èyí tó wúlò jù lójú mi ni ìwé ìbúra tí àbúrò bàbá wa wá ṣe láti Ìjùmú, pé òun fara mọ́ ọn. Nílẹ̀ Okun wa, ìyẹn láàárín àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ará ilé bàbá ni ayé máa kọ́kọ́ wò fún ọmọ òrukàn. Ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé kóòtù, kí ó má di ìjà.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wá wo yàrá tí ọmọ ń sùn. Adájọ́ bi àbúrò mi fúnra rẹ̀ léèrè ibi tó fẹ́ gbé. Ó ní, “Sà, ọ̀dọ̀ bọ̀dá mi ni mo fẹ́ wà.” Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí ire ọmọ ni òfin yẹn fi ṣáájú.

Ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù lù lóńtẹ̀, ju ẹyọ kan lọ. Báńkì mú ọ̀kan, ilé ìwé mú ọ̀kan.