Bí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Lè Fọwọ́sowọ́pọ̀ Láti Gbé Ìwé Lárugẹ: Ohun tí A Lè Kọ́ Lára Wales

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, olùkọ́, òǹtẹ̀wé àti ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ kí ìwé èdè wọn dé ọwọ́ àwọn tí a kọ ọ́ fún. Wales, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn England, ni a ó máa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ti fi hàn, nǹkan bí 538,000 ènìyàn ni ó ń sọ èdè Welsh níbẹ̀, ìyẹn ìdá 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó ọdún mẹ́ta. Òǹtẹ̀wé tí ó bá gbójú lé irú ọjà bẹ́ẹ̀ nìkan kò ní pẹ́ kógbá sílé, síbẹ̀ ìwé tuntun ń jáde ní èdè náà lọ́dọọdún, láti orí ìwé ọmọdé dé orí ewì àti ìtàn àròsọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń dá ẹrù náà rù. Oníkálukú ń ṣe ìwọ̀n tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń fa ìyókù lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ kọ́kọ́ kọ ipa ọ̀nà tí ìwé ń tọ̀ sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé títí dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé, kí ẹ sì wo ibi tí ó ti já. Ní Wales, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i. Alun R. Edwards, ọ̀gá ilé-ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ Cardiganshire, wà lára àwọn tí ó tiraka títí tí a fi dá ìgbìmọ̀ ìwé sílẹ̀ ní ọdún 1961, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Books Council of Wales lónìí. Ìlú Aberystwyth ni ìgbìmọ̀ náà fìdí kalẹ̀ sí. Ó ń pín owó ìrànwọ́ fún àwọn òǹtẹ̀wé, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ olóòtú àti ìpolówó, ó sì ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí ìwé ti ń lọ sí àwọn ilé ìtàwé.

Ilé ìkẹ́rùsí yìí ni àwọn tí ń wo Wales láti òkèèrè sábà máa ń fojú fò, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí ń ya fọ́tò níwájú páálí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó gbé ètò náà ró. Ilé ìtàwé kékeré bíi Palas Print ní Caernarfon kò ní láti máa kọ lẹ́tà sí òǹtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan, kí ó máa san owó ọkọ̀ fún ẹ̀dà méjì níhìn-ín, ẹ̀dà mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ibì kan náà ni ó ti ń béèrè fún ìwé àwọn òǹtẹ̀wé bíi Y Lolfa, Gwasg Carreg Gwalch àti àwọn mìíràn. Ìgbìmọ̀ náà tún ní ìkànnì kan, Gwales, tí ẹnikẹ́ni ti lè ra ìwé. Bí agbára yín bá mọ ní ohun kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi pínpín ìwé, kí ẹ tó ronú kan ẹ̀bùn tàbí àjọ̀dún.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ sọ̀rọ̀ owó. Ìjọba Wales ni ó ń fún ìgbìmọ̀ ìwé ní owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe mínísítà ni ó ń yan ìwé tí a ó tẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìwé ni ìyẹn wà. Ẹ kọ irú ìpínyà yìí sínú àdéhùn yín kí owó tó wọlé, nítorí pé ìjà kì í tán bọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí owó bá ti wà lórí tábìlì. Ẹ má sì gbójú lé àpò kan ṣoṣo. Nígbà tí a dín owó àṣà kù nínú ètò ìṣúná ìjọba Wales fún ọdún 2024 sí 2025, ó kan ìgbìmọ̀ ìwé náà; àǹfààní tí ó ní ni pé ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ń pa owó wọlé láti inú ọjà.

Ohun tí ó kàn ni kí ẹ wá ọjọ́ kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò fi ojú sí. Ní Wales, ọjọ́ náà wà nínú Eisteddfod, àjọ̀dún ewì, orin àti ìwé tí ó máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, tí ó ń lọ sí àríwá lọ́dún kan, tí ó sì ń lọ sí gúúsù lọ́dún kejì. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni a máa ń fi àmì-ẹ̀yẹ ìwé ìtàn dá ẹnì kan lọ́lá. Orúkọ àfipamọ́ ni àwọn tí ń díje fi ń kọ̀wé ránṣẹ́, adájọ́ mẹ́ta sì ni ó ń kà á láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́. Lórí pápá àjọ̀dún, orúkọ àfipamọ́ náà ni a ó pè, ẹni tí ó ni ín yóò sì dìde láàárín èrò. Bí ayẹyẹ bá ti parí báyìí ni ìwé náà ti wà lórí àtẹ.

Ẹ rò ó wò, ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan yẹn pọ̀. Eisteddfod ní láti yan adájọ́ tipẹ́tipẹ́. Òǹtẹ̀wé ní láti tún ìwé ṣe kí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Páálí ní láti ti dé ilé ìtàwé. S4C, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n èdè Welsh, sì ní láti gbé ayẹyẹ náà jáde. Bí ẹnì kan bá jáfara nínú wọn, èrò yóò ti lọ sílé kí ìwé tó dé. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ayẹyẹ, kí ẹ máa ka oṣù padà sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún fún àwọn adájọ́ yín ní agbára láti sọ pé kò sí ẹni tí ó yẹ. Ní Eisteddfod, àga tí a máa ń fi dá akéwì tí ó borí lọ́lá ti ṣófo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn sì wà lára ìdí tí àwọn òǹkàwé fi gba ẹ̀bùn náà gbọ́.

Ní ti ọmọdé, àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni ipò Bardd Plant Cymru, akéwì tí a yàn fún àwọn ọmọ láti ọdún 2000. Ọdún méjì méjì ni ó ń lò. Literature Wales, àjọ lítíréṣọ̀ Wales, ni ó mọ àwọn òǹkọ̀wé, ìgbìmọ̀ ìwé ni ó mọ ọ̀nà ìwé, S4C ni ó ní tẹlifíṣọ̀n, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Urdd, tí a dá sílẹ̀ ní 1922, ni ó ní àwọn ọmọ, ìjọba sì ni ó ní owó. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ yá ìlànà yìí lò, pàápàá gbèdéke ọdún méjì náà, nítorí pé àjọṣe tí kò dùn mọ́ lè parí láìsí ariwo. Ẹ̀bùn Tir na n-Og fún ìwé ọmọdé, láti ọdún 1976, tún ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìkàwé ní ìwé tí wọ́n lè kà pọ̀.

Ẹ má gbàgbé ìpamọ́. Ilé-ìkàwé Àpapọ̀ Wales, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti gba ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀. Ẹ ṣètò tiyín pẹ̀lú ilé-ìkàwé tí ó bá ní irú ẹ̀tọ́ yìí.

Bí ìwé bá ti gba iyì nílé, ẹ lè wá ẹni tí yóò gbé e jáde. *Llyfr Glas Nebo*, tí Manon Steffan Ros kọ, gba àmì-ẹ̀yẹ ìwé ìtàn ti Eisteddfod ní 2018. Nígbà tí ó di 2023, ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì gba Carnegie, ẹ̀bùn ìwé ọmọdé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí a túmọ̀ láti èdè mìíràn tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Nígbà tí ẹ bá wá pe ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ pe onílé ìtàwé kan láti ìlú kékeré mọ́ àwọn ọ̀gá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìwé wo ni àwọn oníbàárà wá béèrè lóṣù tó kọjá tí kò rí fún wọn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ yín yóò ṣe.