Bí ẹ ṣe lè fi fóònù àti kọ̀ǹpútà dín ìrìn òfo ọkọ̀ akẹ́rù kù láàárín ìlú

Iṣẹ́ mi ni pínpín ẹrù fún awakọ̀ láràárọ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi, páálí àti àpò ni wọ́n sì ń gbé káàkiri ìlú. Ohun tó ń dùn mí jù ni kí ọkọ̀ gbé páálí kan lọ, kó má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó tún gbé e padà. Epo ti jó, èéfín ti wọ afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ń mí símú, ẹrù ò sì tíì dé. Ìrìn òfo ni mo ń pè é. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá rí.

Ẹ má tíì ra áàpù kankan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ máa kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ nípa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́: kìlómítà tó rìn, lítà epo tó lò, iye ibi tó ti já ẹrù, iye ẹrù tó gbé padà, àti bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe kún tó nígbà tó ń jáde. Tábìlì lásán lórí kọ̀ǹpútà ti tó. Ti kíkún ọkọ̀, kí awakọ̀ ya fọ́tò kan láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó tó gbéra. Fọ́tò wọ̀nyẹn ló là mí lójú: ọkọ̀ méjì ń lọ sí apá ìlú kan náà láàárọ̀ kan náà, kò sì sí èyí tó kún dé ìdajì nínú wọn.

Lítà epo ni ẹ ó fi mọ èéfín yín. Lítà dísù kan tó bá jó a máa tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.7 carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, sójú ọ̀run; ti pẹtiróòlù tó nǹkan bíi 2.3. Ẹ pín àròpọ̀ rẹ̀ fún iye ẹrù tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ má pín in fún iye tó jáde lọ́dọ̀ yín, torí ìyẹn á bo ìrìn òfo mọ́lẹ̀. Ìlànà àgbáyé wà fún ìṣirò yìí, ISO 14083, tó jáde lọ́dún 2023, bí oníbàárà ńlá bá ń bèèrè ìròyìn lọ́wọ́ yín.

Ó kan àdírẹ́sì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Awakọ̀ wa kan máa ń yípo ilé alájà púpọ̀ kan lójoojúmọ́, nítorí máàpù ń gbé e lọ sí géètì iwájú tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù dúró sí. Ọjọ́ tí mo bi í ló sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gba ẹrù. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí ni." Láti ọjọ́ náà, ibi tí awakọ̀ páàkì sí gan-an ló ń tẹ̀ sórí fóònù bó bá ti já ẹrù tán, á sì fi ọ̀rọ̀ kúkurú kún un: ilẹ̀kùn wo, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí, àtẹ̀gùn wà àbí kò sí. Ẹ̀yin lẹ ó máa tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí. Bí ọ̀nà tàbí ẹnu ọ̀nà kan bá sì ṣì lórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, ẹ tún un ṣe níbẹ̀ kí awakọ̀ ẹlòmíì má baà yípo lásán.

Ìgbà yìí ni ètò ọ̀nà tó wúlò. Ibi 10 péré ni kí ọkọ̀ kan dé, ọ̀nà 3,628,800 ni a lè gbà tò wọ́n tẹ̀léra. Ọdún 1959 ni àwọn olùwádìí méjì, Dantzig àti Ramser, ti kọ̀wé lórí ìṣòro yìí, lórí ọkọ̀ tó ń gbé epo lọ sí àwọn ilé epo. Bí ẹ bá ní ẹni tó mọ kóòdù kọ, VROOM àti OR-Tools ti Google, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń to ọ̀nà fún ọkọ̀, kì í gbowó. Ẹ sọ gíga àti ìwọ̀n ọkọ̀ fún irinṣẹ́ yòówù tí ẹ bá lò, torí áàpù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré lè darí ọkọ̀ ńlá sábẹ́ afárá tí kò gbà á. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú tí jíjá ẹrù ń gbà ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètò náà han awakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bó bá ń yí ibì kan náà padà lójoojúmọ́, òun ló tọ̀nà.

Ti ẹrù tó ń padà, àtẹ̀jíṣẹ́ sí oníbàárà ni mo gbójú lé: ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀kan nígbà tó bá ku ibi mẹ́ta kí ọkọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà lè yan aládùúgbò tàbí àpótí ìgbẹrù onítìtìpa, irú Packstation tó ti wà ní Jámánì láti 2001. Ẹ má ṣèlérí wákàtí kan pàtó fún gbogbo ènìyàn. Òun ló ń fọ́ ètò ọ̀nà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yín ti ń lọ sí àdúgbò wọn tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi lọ̀ wọ́n.

Bí ọkọ̀ ò bá kún síbẹ̀, ẹ bá ilé-iṣẹ́ míì pa ẹrù pọ̀. Àdúgbò àti ìwọ̀n ẹrù nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ síra yín nírọ̀lẹ́. Orúkọ oníbàárà ò kàn wọ́n.

Ẹ̀rọ GPS inú ọkọ̀ tún ń fi hàn ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́ láìrìn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wò fún awakọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi gé owó oṣù ẹnikẹ́ni láé. Awakọ̀ tó ń bẹ̀rù ò ní sọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún yín.

Ọkọ̀ oníná ló kẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ yín á ti sọ ọkọ̀ tí kìlómítà rẹ̀ lójúmọ́ wà láàárín agbára bátìrì, àti àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lè dá gbé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún nǹkan márùn-ún yẹn kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kìlómítà bá ti dín kù ṣùgbọ́n tí ẹrù tó ń padà ò dín, ẹ tún lọ jókòó ti awakọ̀ lórí àdírẹ́sì.