Ògiri Ń Rin Nínú Ilé Tí A Yá Gbé: Ta Ló Yẹ Kó Tún Un Ṣe?

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mò ń ṣe jẹun. Bí onílé bá ní kí n wá fi ọ̀dà bo ohun dúdú tó hù sára ògiri ayálégbé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: níbo lomi ti ń wá? Bí omi kò bá dá, ọ̀dà á wú, á bó, dúdú náà á tún yọjú, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri ló ń rin, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà 1 lọ, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lójú rẹ̀, ilẹ̀ ló ń fa omi gòkè. Bí àmì orí àjà bá ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò, òrùlé ń jò. Ibi tó ń rin tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fura sí páìpù. Ọrùn onílé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ayálégbé kọ́ ló kọ́lé, kò sì lè dá ògiri ológiri tú.

Èyí tó ń fa àríyànjiyàn jù ni omi inú afẹ́fẹ́. Ooru ìdáná, ooru ilé ìwẹ̀, aṣọ tútù tí a sá sí yàrá, àní èémí wa pàápàá, tó bá kan ògiri tó tutù, omi ló ń dà. Igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Níbí, ayálégbé níṣẹ́ ṣe: kó máa ṣí fèrèsé, kó sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí onílé bá kan fèrèsé pa, tí ilé ìwẹ̀ kò sì ní ibi tí ooru lè gbà jáde, lójú tèmi, òun náà jẹ̀bi.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ nu ògiri gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá wà lójú náílọ́ọ̀nù, inú yàrá ló ti wá. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ni. Ẹ jẹ́ kí onílé àti ayálégbé jọ ṣí i.

Ayálégbé, ẹ má dákẹ́. Ohun tó rin tí kò gbẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu láàárín wákàtí 24 sí 48. Ẹ ya àwòrán, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Láti ọjọ́ Ajé ni àjà yàrá ti ń jò. Àwòrán rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ máa rán ẹni tó máa wò ó?” Ẹ má kàn dá owó ilé dúró, ìyẹn lè sọ ẹni tó jàre di ẹlẹ́bi níwájú adájọ́. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ bi lọ́yà.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù, ọṣẹ àti omi tó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, torí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn lára. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá náà nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.