Bí O Ṣe Lè Di Alágbàtọ́ Ọmọ Ológbò Aláìnílé

Tí òjò bá ti dá ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, wàá máa gbọ́ igbe àwọn ọmọ ológbò lábẹ́ ìsọ̀. Má tíì gbé wọn. Bí ara wọn bá mọ́, tí ikùn wọn yó, tí wọ́n sì dákẹ́, oúnjẹ ni ìyá wọn wá lọ. Dúró lókèèrè fún wákàtí bíi mélòó kan. Àfi tí àgbàrá bá ń bọ̀ lórí wọn, tàbí tí wọ́n dọ̀tí tí wọ́n sì ń ké ṣáá, ni kó o gbé wọn.

Ooru ara ló ṣáájú oúnjẹ. Ki ìka bọ ẹnu ọmọ náà. Bó bá tutù, má fún un ní nǹkan kan, torí oúnjẹ kì í dà nínú ọmọ tí òtútù mú. Rọ omi gbígbóná sínú ìgò, fi aṣọ ìnura wé e, kó o tẹ́ ẹ sí igun kan nínú páálí, kí èyí tí ooru bá ti tó lè rá kúrò níbẹ̀.

Ní ti wàrà, mo jẹ̀bi. Mílíìkì inú agolo ni mo kọ́kọ́ fún àwọn tèmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ti sọ aṣọ inú páálí di ẹrẹ̀. Wàrà màlúù kò bá wọn lára mu. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta ni, títí kan òru. Dá ikùn rẹ̀ délẹ̀ bí ẹni tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Má dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ènìyàn, wàrà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ dára, kó o máa kán an díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹun tán, fi òwú tó rin fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí rẹ̀ títí yóò fi tọ̀. Ahọ́n ni ìyá wọn fi ń ṣe é.

Máa wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Nǹkan bíi gíráàmù 100 ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà ìbí, ó sì yẹ kí wọ́n máa fi 10 sí 15 lé e lójúmọ́. Bí èyí kan kò bá lé, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Alábàtà. Oògùn aràn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lọ́sẹ̀ kẹrin, gbé yanrìn sínú abọ́ fún wọn. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wá ilé fún wọn. Bi ẹni tó ń bọ̀ wá mú un bóyá okùn ló fẹ́ fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nínú ìsọ̀ ìrẹsì. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fún un. Dúdú ló máa ń pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ìyá kan ládùúgbò wa bi mí pé, “Ṣé o ti wọ ẹgbẹ́ àjẹ́ ni?” Nígbà tó di oṣù kejì tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, eku já àpò gàrí wọn. Wọ́n yọjú lálẹ́, wọ́n ní ṣé dúdú yẹn ṣì wà ńlẹ̀.